Bí A Ṣe Gbé Bàbá Télọ̀ Dé Légbassito

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ni wá tí a ti Ìbàdàn lọ sí Lomé láti lọ ṣọ́ ẹyin ìjàpá òkun: èmi, ọ̀rẹ́ mi ọmọ Ìjẹ̀bú, àti ọmọbìnrin ará Ìlọrin kan tí a jọ ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì. Olùkọ́ wa ló sọ fún wa pé àwọn kan ní Togo ń wá ọ̀dọ́ tí yóò bá wọn ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ fún oṣù díẹ̀. Wọn yóò fún wa ní ibi tí a ó sùn àti oúnjẹ, a ó rí ẹranko tí a kò rí rí, a ó sì mọ ìlú onílùú. Èmi kò tíì kọjá Ìdìrókò rí láyé mi. Mo ra bàtà aláwọ líle kan tí mo rò pé àwọn tó ń rìn nínú igbó máa ń wọ̀. Kò sí igbó kankan níbi tí a lọ. Iyanrìn ni, àti òkun, àti igi àgbọn.

Ọ̀gá iṣẹ́ náà, tíṣà kan tó jẹ́ ọmọ Togo, fi wá sílé tọkọtaya kan ní àdúgbò Ablogamé nítorí pé wọ́n gbọ́ Yorùbá. Ọmọ Sakété ní Benin ni ọkọ, télọ̀ ni, aṣọ kakí àwọn ọmọ ilé ìwé ló máa ń rán. Láti kékeré ló ti wà ní Lomé. Bàbá ni à ń pè é, ìyàwó rẹ̀ sì ni Màmá. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin, ti lọ́kọ sí Sakété, nítorí náà yàrá kan ṣófo nínú ilé tí wọ́n yá, ibẹ̀ sì ni wọ́n tẹ́ ẹní fún wa sí. Wọ́n fi aṣọ pín in sí méjì kí ọmọbìnrin ará Ìlọrin lè ní apá tirẹ̀.

Ní alẹ́ tí a dé, Màmá gbé àkùmẹ́ kalẹ̀ fún wa, ìyẹn ọkà àgbàdo tiwọn, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tó ta mí lẹ́nu títí omijé fi bọ́. Bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń wò wá.

"Kí lẹ wá ṣe gan-an?"

"A wá ṣọ́ ìjàpá ni, Bàbá," ni mo wí.

Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ṣé o gbọ́? Ìjàpá tó ti rẹ́ gbogbo ayé jẹ, òun ló wá ń wá ẹni tí yóò ṣọ́ òun!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti ń jáde láàárọ̀, yóò kí wa láti ibi ẹ̀rọ rẹ̀: "Ça va, ẹ̀yin ẹ̀ṣọ́ Ìjàpá?" A ó sì dáhùn pé, "Ça va, Bàbá."

Iṣẹ́ wa kò le, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, a ó rìn lọ ní etí òkun, a ó máa wá ipa ẹsẹ̀ ìjàpá tó gòkè wá yé ẹyin. Níbi tí a bá ti rí i, a ó fi ṣọ́bìrì kékeré gbẹ́ iyanrìn náà jẹ́jẹ́, a ó kó ẹyin sínú garawa, a ó gbé e lọ sí ibi tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ sọgbà yí ká, a ó sì tún rì í mọ́lẹ̀ síbẹ̀ kí ajá àti ènìyàn má baà jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà, à ń dúró ni.

Nígbà tí àwọn àkọ́kọ́ pa, Bàbá tẹ̀ lé wa lọ wò wọ́n. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́. Àwọn ìjàpá kékeré náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, wọ́n ń fi apá wọ́ ara wọn lórí iyanrìn lọ sínú omi.

"Ìyá wọn ńkọ́?" ló béèrè.

"Tó bá ti yé ẹyin tán, ó ti lọ nìyẹn, Bàbá."

Ó dúró títí èyí tó kẹ́yìn fi wọ omi, ó sì rọra fi ọwọ́ nu ojú. Nígbà tí a ń padà lọ sílé, ó sọ fún wa nípa ilẹ̀ rẹ̀ ní Légbassito, ní ẹ̀yìn ìlú Lomé. Ó ti ra ilẹ̀ kan síbẹ̀, ó ti fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, bí ó bá sì ti rí díẹ̀ sí i, yóò gbé ògiri. Ó júwe pálọ̀ fún wa, ó júwe yàrá, ó júwe ibi tí yóò gbin máńgòrò sí. "Lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀, màá mú yín lọ wò ó," ló wí. Ọ̀pọ̀ Sunday ló kọjá tí a kò lọ, nítorí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí nítorí pé ara rẹ̀ kò yá.

Lẹ́yìn náà ni ìyanṣẹ́lódì dé. Àwọn ènìyàn fẹ́ kí ìjọba yí padà, ìjọba kò gbà, gbogbo Lomé sì ti ilẹ̀kùn. Ọ́fíìsì tì, báńkì tì, ilé ìwé tì. Gbogbo wa rò pé kò ní í ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ọ̀gá wa wá, ó ní kí a fara balẹ̀. Nígbà tó tún wá, ó ní bí a bá rí ọ̀nà, kí a máa lọ sílé. A ní ẹyin ṣì wà nínú iyanrìn, a kò lè lọ. Ọmọdé ni wá, a rò pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò kàn wá.

Ta ni yóò rán kakí nígbà tí ilé ìwé ti tì? Aṣọ náà jókòó sí igun yàrá ní ìdì ìdì. Bàbá kàn ń jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀ láìrán nǹkan kan. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn tó ń lò tán, ilé oògùn tí wọ́n ti máa ń rà á sì tì. Màmá rìn káàkiri, ó rí èyí tó jọ ọ́ díẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin kan. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a ń gbọ́ tí Bàbá ń bá Màmá sọ̀rọ̀ nípa iyọ̀ ọbẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dáwọ́ dúró láàárín ọ̀rọ̀. Nígbà tí a wọlé, ó ti ṣubú lulẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Aládùúgbò kan tó ní ọ̀kadà gbé nọ́ọ̀sì kan wá. Obìnrin náà ṣe gbogbo ohun tó mọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, Bàbá ti kú.

Mùsùlùmí ni Bàbá, kò yẹ kí òkú rẹ̀ pẹ́ nílẹ̀. Àfáà àdúgbò, ọmọ Nàìjíríà, wá bójú tó wíwẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fi aṣọ funfun dì í, wọ́n sì ní ìtẹ́ òkú kan wà nítòsí. Ibẹ̀ ni Màmá ti dìde dúró.

"Wọn kò ní í sin ín síbẹ̀."

"Ìyá, ẹ jọ̀wọ́," ni Àfáà wí. "Kò sí ọkọ̀. Kò sí epo. Légbassito jìnnà."

"Mo mọ̀ pé ó jìnnà. Gbogbo ayé rẹ̀ ni ọkùnrin yìí fi yá ilé gbé. Kò ní í yá ibojì."

Kò pariwo rárá. Ó kàn dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ọmọ Ìjẹ̀bú jáde, nígbà tó sì padà, ọmọlànkẹ́ kan ló ń tì bọ̀, èyí tí wọ́n fi ń kó ẹrù ní ọjà. Kò wò wá lójú. "Mo ti yá a," ló wí.

Àfáà ní kì í ṣe àṣà kí obìnrin tẹ̀ lé òkú. Màmá bi í pé, "Ta ni yóò wá fi ibẹ̀ hàn yín?" Òótọ́ ni, òun nìkan ló mọ ọ̀nà. Ọmọbìnrin ará Ìlọrin ní òun kò ní í jẹ́ kí ó nìkan jẹ́ obìnrin láàárín wa. Wọ́n kírun sí òkú lára, a tẹ́ ẹní sórí ọmọlànkẹ́, a gbé òkú lé e, a ká ẹní náà mọ́ ọn, a fi okùn dì í, a sì fi kakí bò ó nítorí oòrùn. Ṣọ́bìrì tí a fi ń wú ẹyin ni a kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àfáà àti aládùúgbò méjì bá wa lọ.

N kò tíì fọwọ́ kan òkú rí. Ọmọlànkẹ́ náà ń ké bí a ṣe ń tì í. Níbi tí kòtò bá ti wà, mo ń gbọ́ bí orí Bàbá ṣe ń kan pákó díẹ̀díẹ̀. Màmá náà ń gbọ́ ọ. Ó ní kí a dúró. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó ká a, ó gbé e sábẹ́ orí ọkọ rẹ̀, ó sì ń rìn lọ láìbo orí nínú oòrùn.

Ní Tokoin, níbi tí ọ̀nà ti ń gun òkè, àwọn ọ̀dọ́ ti fi òkúta àti táyà dí títì. Wọ́n pariwo mọ́ wa, wọ́n ní ta ló rán wa níṣẹ́. Màmá fi èdè Mínà dá wọn lóhùn, gbólóhùn kan péré. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òkúta kúrò, mẹ́rin nínú wọn sì bá wa ti ọmọlànkẹ́ gun òkè náà.

Àwọn sójà tí a bá níwájú kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n tú ẹrù wa, wọ́n rí ṣọ́bìrì, wọ́n bi wá ní orílẹ̀-èdè wa. Ọ̀kan na ìbọn sí ẹní, ó ní kí a ṣí i. Mo fa okùn náà títí, kò tú. Màmá ló tú u. Ó sún aṣọ funfun kúrò lójú ọkọ rẹ̀, ó sì ń bá sójà náà sọ̀rọ̀ ní Faransé. Àfáà túmọ̀ rẹ̀ fún wa lẹ́yìn náà: "Wò ó dáadáa. Télọ̀ ni. Bóyá òun ló rán kakí tí o wọ̀ lọ sílé ìwé." Sójà náà wò ó, ó yíjú kúrò, ó ní, "Pardon, Maman." Wọ́n jẹ́ kí a kọjá. Màmá di aṣọ náà padà bí ẹni tó ń di ọmọ tó ti sùn.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí a dé. Oko ló pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà, ilé tuntun kọ̀ọ̀kan láàárín oko. Ìpìlẹ̀ ilé Bàbá kò ga ju kókósẹ̀ lọ, koríko ti hù láàárín rẹ̀. Gbogbo wa kàn gba orí rẹ̀ kọjá wọlé. Màmá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rìn yí i ká títí ó fi dé àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ló gbà wọlé.

"Pálọ̀ nìyí," ló wí. "Ẹ má sin ín síbí, àlejò yóò máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ sin ín sí yàrá."

Ṣọ́bìrì iyanrìn kò lè ran ilẹ̀ pupa yẹn. Ti èmi kán. Àwọn àgbẹ̀ tó rí wa gbé ọkọ́ wá láti oko wọn, wọn kò bi wá ní nǹkan kan, wọ́n kàn bọ́ sínú kòtò náà. Nígbà tí a ń gbé Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ọmọ Ìjẹ̀bú, tí n kò rí kó sunkún rí, bú sẹ́kún bí ọmọ ọwọ́. Màmá ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ náà ni a sùn.

Ọjọ́ díẹ̀ kọjá kí a tó padà sí etí òkun. Wọ́n ti fa gbogbo imọ̀ ọ̀pẹ yọ fún igi ìdáná, wọ́n sì ti gbẹ́ ẹyin kó lọ. Ebi ń pa ìlú. A wo àwọn kòtò náà, a sì padà sílé.

Lẹ́yìn tí ọdún yí, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún láàárín ìlú, àwọn ènìyàn sì ń sá lọ sí Ghana àti Benin, pẹ̀lú ẹní àti ìkòkò lórí. A ní kí Màmá bá wa lọ. Ó kọ̀, ó kọ̀, títí àwọn tí wọ́n jọ yá ilé náà fi tán pátá. Ó kọjá ibodè pẹ̀lú wa ní ẹsẹ̀, ó ń wẹ̀yìn.

A mú un dé Sakété. Àwa kò rántí pé ìròyìn kò tíì débẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó ń lọ, tẹlifóònù kò sì ṣiṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ rí wa láti ẹnu ọ̀nà, ó sáré wá, ó so mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"A ti ń gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀! Ọkàn mi kò balẹ̀. Bàbá ńkọ́? Ṣé wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn ni?"

Màmá wojú mi.

"Ẹ̀gbọ́n," ni mo wí, "Bàbá wà ní Légbassito."

Ó kọ́kọ́ rò pé Bàbá dúró ṣọ́ ilé ni. Mo rí i bó ṣe ń yé e díẹ̀díẹ̀, mo sì fẹ́ kí ilẹ̀ gbé mi mì. Ọmọbìnrin ará Ìlọrin ló dì í mú kó tó ṣubú.

Màmá kò padà sí Lomé mọ́. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ló kú sí Sakété, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Ọmọ rẹ̀ sọ fún mi pé ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé òun lọ sọ́dọ̀ Bàbá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ibi tí ilẹ̀ náà wà gan-an.

Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Mo padà sí Lomé nígbà tí irun mi ti ń funfun, mo sì lọ sí Légbassito. Ilé ti kún ibẹ̀, títì ti là á kọjá. Mo rìn láti ilé dé ilé, mo ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí owó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin kan jáde síta, ó bi mí ní Faransé pé ta ni mò ń wá.

"Télọ̀ kan ni," ni mo fi Faransé díẹ̀ tí mo gbọ́ dá a lóhùn.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó nawọ́ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò, ó ní télọ̀ kan wà níbẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin ni, ó mọṣẹ́ dáadáa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rìn díẹ̀ lọ sí apá ibi tó júwe, nítorí pé ó ṣì dúró tó ń wò mí, kí n tó yà sí ojú títì lọ wá ọkọ̀.