Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Àgbà Jókòó Ti Ọpọ́n Ayò

Mo ṣì kéré nígbà náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ní àkókò tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù, tí ilé ò tíì kún Mowe bó ṣe kún un lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín pé mo ń ṣe bí àgbà, ó ti pẹ́ o. Bí àwọn òbí mi bá ti lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó, ìyá tó bí ìyá mi ló ń tọ́jú mi. Tí a bá jẹun ọ̀sán tán, yóò gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀, yóò sì pa mí láyò láìṣàánú. Ó ní ẹni tí wọ́n bá ń dá sí kì í mọ nǹkan kan.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó ní kí n wọ bàtà mi, pé a fẹ́ lọ gbatẹ́gùn ní Owódé Ẹ̀gbá, ìlú rẹ̀. Kò kánjú rárá. A sọ̀kalẹ̀ ní Ọ̀fàdà, a wo ìrẹsì tí wọ́n sá sílẹ̀, ó bu díẹ̀ sátẹ́lẹwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní ti ìgbà òun dára ju èyí lọ. A ń jẹ ọsàn lẹ́bàá ọ̀nà nígbà tó sọ ohun tó ń wá lọ fún mi. Bàbá kan wà ní Owódé, ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí kò sẹ́ni tó lè pa á láyò. Láti ìgbà tóun ti wà lọ́mọge lòun ti ń bẹ̀ ẹ́ pé káwọn jọ ta, bàbá náà a sì ní ọwọ́ tó ń ro ọkà kò gbọdọ̀ kan ọmọ ayò. Òun ò sì fẹ́ kú láìta ayò yẹn.

Abẹ́ igi máńgòrò la bá wọn, àwọn àgbà ọkùnrin, bàbá náà láàárín wọn. Ìyá mi àgbà kúnlẹ̀ kí i, wọ́n bèèrè àlàáfíà ara wọn, wọ́n dárò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú. Lẹ́yìn náà ló ní òun wá ta ayò. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹnì kan ní kó lọ bá àwọn ìyàwó ilé nínú lọ́hùn-ún. Ó fa àpótí kan, ó jókòó síwájú ọpọ́n.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá pa mí, mo ti lọ nìyẹn. Bí ẹ bá sì ń bẹ̀rù, ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́.”

Bàbá fa ọpọ́n mọ́ra. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta, ó ń bá àwọn òǹwòran ṣàwàdà. Ó rí i pé obìnrin náà ń kó ọmọ ayò jọ sínú ilé kan nínú ọpọ́n, tí kò jẹ́ kí wọ́n jáde. Ó ní àìmọ̀ ni, ó fi í sílẹ̀. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe àìmọ̀. Mo di etí ìró rẹ̀ mú. Nígbà tó yá, ó da gbogbo ọmọ inú ilé náà sọ́wọ́, ó fi wọ́n yí ọpọ́n ká, ó sì jẹ ilé mẹ́ta bàbá lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá wá tẹjú mọ́ ayò, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Bí oníkẹ̀kẹ́ kan ṣe ń kọjá lọ nìyẹn, ó kí wọn bí wọ́n ṣe ń kí àwọn tó ń ta ayò: “Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ o.” Ẹ̀yin lè má mọ̀, ọ̀ta ni ẹni tó ń borí, òun nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti jẹ́ ìkíni yìí, ẹni tí wọ́n ń pa, ìyẹn ọ̀pẹ, gbọ́dọ̀ panu mọ́. Bàbá ti lanu, nítorí òun ló ń dáhùn láti ọjọ́ pípẹ́. Ó wo ọpọ́n, ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ìyá mi àgbà rọra tún gèlè ṣe. Ó ní, “Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn.”

Ariwo sọ lábẹ́ máńgòrò. Bàbá fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó kó ọmọ ayò padà sílé wọn, ó ní káwọn tún un ta. Ìyá mi àgbà ní rárá, pé ọkọ̀ Mowe ò ní dúró de òun. Inú mi dùn dé góńgó, orin la kọ délé.

Nǹkan ti yí padà. Ilé ti bo àwọn oko tí a gbà kọjá lọ́jọ́ náà, orí fóònù lẹ̀yin sì ti ń ta ayò tiyín, ẹni tí ẹ pa kò rójú yín. Ìyá mi àgbà ti sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ sípàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù àdúgbò wa, wọ́n ní káwa obìnrin lọ rí sí oúnjẹ, káwọn ọkùnrin lè sọ̀rọ̀. Mo rántí ìyá mi àgbà, mo fa àga kan, mo jókòó. Èmi ni alága wọn báyìí. Àwọn ọkùnrin ló ń pín oúnjẹ.