Aṣọ Ìnujú Lójú Fíláàṣì

Kí baba ayàwòrán wa ní Òsí tó gbé kámẹ́rà sójú, wọ́n á kọ́kọ́ na àtẹ́lẹwọ́ sí oòrùn, wọ́n á wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe bà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi aṣọ ìnujú funfun bo fíláàṣì. "Oòrùn ló nilé," wọ́n á ní, "àlejò kì í pariwo ju onílé lọ."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, èmi àtọkọ mi dúró lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi jókòó sábẹ́ igi kaṣú lẹ́yìn wa. Baba ní ká dúró kí ìkùukùu kọjá. Mo kanra, torí ọkọ̀ Àbújá ń dúró dè wá.

"Baba, ẹ ṣí aṣọ yẹn kúrò, kó tàn dáadáa!"

"Ojú ẹ̀yin méjèèjì á mọ́lẹ̀ o, ìyàwó. Ẹni tó wà lẹ́yìn yín ńkọ́?"

"Ẹ ṣáà yà á, sà."

Wọ́n ṣí aṣọ náà, wọ́n yà á.

Ìyá mi kì í fẹ́ ya fọ́tò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí a wá sin wọ́n, ti ọjọ́ yẹn nìkan la rí. Ojú tèmi ń dán gbinrin. Lẹ́yìn mi, nínú òkùnkùn, etí gèlè wọn nìkan ló hàn.