Ọjọ́ tí Màmá Mi Kọ̀ láti Kú Lórí Rédíò

Ìdí kànga ni mo ti kọ́ iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Ní Kpankou nígbà èwe mi, kànga wa jìn débi pé bí o bá sọ òkúta sí i, wàá ti gbàgbé pé o sọ ọ́ kí o tó gbọ́ ìró rẹ̀. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, a máa ń tò síbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí. Ọ̀fun á gbẹ, ọ̀rọ̀ á gbẹ, ìjà nìkan ló máa ń kù. Lọ́jọ́ kan tí obìnrin méjì fẹ́ lu ara wọn nítorí garawa, mo kàn la ẹnu, mo ní àwọn kan ń bẹ nísàlẹ̀ kànga yẹn tí wọ́n ń fi orí rìn. Mo ní omi wa ni sánmà tiwọn, àti pé nígbàkígbà tí a bá fa garawa sókè, ìkùukùu wọn là ń fà lọ.

"Kí ni wọ́n wá ń ṣe sí i?" ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà bi mí. Ó ti fi garawa sílẹ̀.

Mo ní wọ́n ti ṣe ìpàdé. Mo ní wọ́n ti ń kan àkàbà.

Ìyá kan tó wà níwájú fà mí mọ́ra kí ó lè gbọ́ ìyókù dáadáa. Bí mo ṣe fo gbogbo èrò kọjá nìyẹn, tí mo pọn omi ṣáájú àwọn tó jí ṣáájú mi. Mo sáré délé, omi ń dà sí mi lára, ẹ̀rín ń pa mí.

Màmá mi ti gbọ́ kí n tó dé. "Ìwọ ọmọ yìí, irọ́ lo fi pọn omi yìí?"

"Ìtàn ni, màmá."

"Irọ́ tó ní orí tó ní ìrù, irọ́ náà ni." Ṣùgbọ́n ó fi omi náà se ẹ̀wà.

Mo dàgbà, mo kàwé, mo di olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní Kétu. Lọ́sàn-án, mo ń kọ́ àwọn ọmọ bí iná mànàmáná ṣe ń rìn. Nírọ̀lẹ́, mo ń kọ ìtàn nípa ọkọ̀ tó ń lọ sáàárín ìràwọ̀. Faransé ni mo fi ń kọ wọ́n, torí òun ni wọ́n fi kọ́ wa níwèé. Mo fi wọ́n ránṣẹ́ sí Kútọnu, mo fi wọ́n ránṣẹ́ sílùú yovó, àwọn òyìnbó, ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn. N kò sì lè bínú. Àwọn akọni inú ìtàn mi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé òfin. Èmi tí mo dá wọn, kò wù mí kí n bá wọn jẹun.

Ìgbà tó yá ni ọ̀gá rédíò ìlú wa dá mi dúró lọ́nà. "Olùkọ́, ẹ bá wa wá ìtàn tí a lè máa ṣe ní èdè Nàgó tiwa lọ́jọ́ Àìkú. Ti ìjàpá ti sú àwọn ènìyàn."

Mo jókòó kí n túmọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ti àtijọ́, kò ṣeé túmọ̀. Mo bá bẹ̀rẹ̀ òmíràn: àwọn obìnrin orí òkè Kétu tiwa yìí kan ọkọ̀ òfurufú, wọ́n sì ń lọ pọn omi nínú ìràwọ̀ kan tó jẹ́ kìkì yìnyín. Ìyá arúgbó kan ni ọ̀gá ọkọ̀ náà. Bó ṣe wọnú ọkọ̀ tó kí ẹ̀rọ pé "Ẹ kú iṣẹ́ o," mo rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí aládùúgbò mi fi kan ògiri. Ọ̀rọ̀ wá ń tú yàà bí àgbàdo láti inú àpò tó ya. Mo ti ń sọ Nàgó láti kékeré, n kò mọ̀ pé ó lè fò.

Aránṣọ kan tó lóyún, tí ohùn rẹ̀ dàgbà ju ojú rẹ̀ lọ, ló ń ṣe ìyá arúgbó náà. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò ló ń ṣe gbogbo àwọn tó kù, ẹnu rẹ̀ náà ló sì fi ń dún bí ọkọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ ti bàjẹ́, nítorí náà bí a bá ṣe ń sọ ọ́ ni ayé ṣe ń gbọ́ ọ.

Kò pẹ́ tí n kò fi lè gba ọjà kọjá mọ́. Bàbá àgbẹ̀ kan láti Okpomèta dá mi dúró, ó béèrè bóyá àyè ṣì wà nínú ọkọ̀ fún òbúkọ òun tí kì í jẹ́ kí ilé sùn. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, òbúkọ wọ ọkọ̀. Bàbá náà gbé odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún mi.

Apá tó kẹ́yìn ló dùn mọ́ mi jù. Yìnyín máa di ọkọ̀ mú, ìyá arúgbó á dúró sẹ́yìn láti tì í kúrò, á sì kú síbẹ̀. Mo sunkún nígbà tí mo ń kọ ọ́. Mo fẹ́ kí gbogbo Kétu bá mi sunkún.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni màmá mi wá láti Kpankou. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé irọ́ mi ti dé orí afẹ́fẹ́, òun fẹ́ fojú ara òun rí i. Ó jókòó sí kọ̀rọ̀ kan, ó ń jẹ àkàrà. Bí aránṣọ wa ṣe fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà báyìí, ó di inú mú. Ìrọbí ti dé. Ọkọ rẹ̀ fi ọ̀kadà gbé e lọ sílé ìgbẹ̀bí.

Àwa tó kù wo ara wa. Ohùn tèmi tín-ín-rín bí ti ẹyẹ. Ọ̀gá rédíò yíjú sí kọ̀rọ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀ díẹ̀ ká gbọ́."

"Kí ni kí n sọ? Ṣé ẹ ò rí i pé mò ń jẹun ni?"

Ọ̀gá rédíò pàtẹ́wọ́. "Òun nìyẹn! Òun gan-an nìyẹn!"

Màmá mi kò mọ̀wé, nítorí náà a pinnu pé èmi á máa sọ ọ̀rọ̀ sí i létí, òun á máa sọ ọ́ sínú míkrò, ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó bá àwọn ọmọ ọkọ̀ wí ju bí mo ṣe kọ ọ́ lọ, mo fara mọ́ ọn. Nígbà tó yá, mo tẹ̀ sí etí rẹ̀: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa lọ. Èmi á kú síbí kí ẹ lè yè."

Ó yíjú, ó wò mí.

"Kí n kú?" ló wí sínú míkrò. "Ta ló ní kí n kú?"

Òógùn bo sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. "Kò... kò sẹ́nì kankan, ọ̀gá wa. Ọkọ̀ ló há sínú yìnyín."

"Ó há, ẹ wá ń wò mí lójú. Ta ló ni yìnyín ọ̀hún?"

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ ìtàn náà, n kò rò ó rí pé yìnyín lè ní olóhun. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wò mí, mo gbé èjìká. Ó bá fọwọ́ fún imú, ó fi imú sọ̀rọ̀ bí ọba àwọn ará yìnyín: "Àwa la ni ín."

"Ẹ kú ilé o! Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n... wọ́n wà."

"Ẹ ò ní fún àlejò níjòókòó?"

Ọba àwọn ará yìnyín wá àga. Màmá mi béèrè bóyá wọ́n ti jẹ gàrí rí. Wọ́n ní wọn ò jẹ ẹ́ rí.

"Háà! Ẹ lómi tó báyìí, ẹ ò ní gàrí!"

Àánú wọn ṣe é lóòótọ́. Ọ̀gá rédíò ti dùbúlẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹ̀rín, ó ń fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀. Màmá mi da gàrí fún wọn, ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́, ó kìlọ̀ pé kí wọ́n má jẹ́ kí omi rẹ̀ pọ̀ jù. Ọba ní kí wọ́n tú ọkọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun fẹ́ òbúkọ yẹn kún un.

"Òbúkọ olóòbúkọ? Rárá o. A kì í fi ohun olóhun tọrẹ."

Mo fi ìborùn dí ẹnu kí ẹ̀rín mi má baà wọ míkrò. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ọkọ̀ tó ń gbéra, màmá mi sì ń pariwo lórí rẹ̀: "Ẹ rọra o, omi ń dà nù!"

Fóònù kò dákẹ́. Ẹnì kan fẹ́ mọ ibi tí ọkọ̀ máa balẹ̀ sí, kí òun lè kó bídọ̀n ìpọnmi lọ síbẹ̀. Aránṣọ wa bí obìnrin. Agbẹ̀bí ṣí rédíò sílẹ̀, ìyá ọmọ sì búra pé ẹ̀rín ló ti ọmọ náà jáde.

Nígbà tí mo ń sin màmá mi lọ wọkọ̀, ó dúró, ó wo ojú sánmà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àwọn ará yìnyín yẹn ṣáà lè máà ní gàrí lóòótọ́."

Bó ṣe sọ ọ́ lórí rédíò ni mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Àjàṣẹ́ tẹ̀ ẹ́, òmíràn ti tẹ̀ lé e, mo sì ń kọ ẹ̀kẹta lọ́wọ́. Olùkọ́ ṣì ni mí. Lọ́jọ́ tí páálí ìwé àkọ́kọ́ dé sí ibùdókọ̀ Kétu, n kò lè dúró délé. Mo ya á lẹ́bàá ọ̀nà, mo gbóòórùn ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó lójú àwọn ọmọ kíláàsì mi tó ń ti ilé ìwé bọ̀. Màmá mi, tó fẹ́ wọkọ̀ padà sí Kpankou lọ́jọ́ náà, gba ọ̀kan, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó tún un yí sókè.

"Ojú ewé wo ni mo wà?"

Mo ṣí i fún un. Ó fi ìka lé e, ó pe awakọ̀, ó pe àwọn èrò inú ọkọ̀ kí wọ́n wá wò ó. Ọkọ̀ fọn fèrè títí, kò gbé ìka náà kúrò.