Wọ́n Ní Wọ́n Ti Rí Ìwòsàn Ẹ̀jẹ̀ Àbúrò Mi

Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n bí mọ́ àbúrò mi obìnrin. Nílé wa ní Kàbà, kò sẹ́ni tó máa ń dárúkọ àìsàn náà. "Ó tún ti dé" la máa ń sọ, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àlejò. Bí ọyẹ́ bá ti mú, èmi àti Màmá á ti máa retí rẹ̀. Ẹ̀yìn, ìbàdí, àyà, gbogbo rẹ̀ ni yóò máa ro ó, yóò sì ki aṣọ bọ ẹnu kí Màmá má bàa gbọ́ igbe rẹ̀. Màmá ti sin ọmọkùnrin kan nítorí àìsàn yìí. Ẹ̀gbọ́n wa ni. Kò tíì jáde ilé ìwé girama nígbà tó kú.

Aránṣọ ni àbúrò mi. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lọ́nà ọjà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì dára débi pé àwọn obìnrin máa ń gbé aṣọ wá fún un láti ìlú Ìyàrá. Ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní òdìkejì títì ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí i níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn, gbogbo wa la rí i. Ṣùgbọ́n ìjọ wa kì í so tọkọtaya pọ̀ láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Nígbà tí wọ́n yẹ ti ọkùnrin náà wò, wọ́n rí i pé òun náà gbé ìdajì àìsàn yìí sára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dà á láàmú rí. Bí àwọn méjèèjì bá bímọ, ọmọ náà lè ní ohun tí ìyá rẹ̀ ní gan-an. Àbúrò mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó kàn ní kó má wá sí ṣọ́ọ̀bù òun mọ́. Ọkùnrin náà ò wá mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò wá ẹlòmíràn.

Àfi ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan tó já wọlé bá wa. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé ni, ó jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó faṣọ bo ẹsẹ̀.

"Òkun o, Màmá," ọkùnrin náà kí ìyá wa bí a ti ń kíni ní Kàbà, ó ń mí gúlegúle. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan. Wọ́n ti rí i! Wọ́n ti rí ìwòsàn!"

Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan lókè òkun ló ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò náà. Ó ní láti kékeré ni ìrora ti ń jẹ òun níyà, pé àwọn dókítà fa ohun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ jáde lára òun, wọ́n tún un ṣe, wọ́n dá a padà, ìrora náà ò sì padà wá. Màmá fi ojú sún mọ́ fóònù náà.

"Obìnrin yìí, ṣé ó ṣì wà láyé?"

"Ó wà láyé, Màmá. Ẹ wò ó, ó ń sáré."

Àbúrò mi gba fóònù, ó tún ṣí fídíò náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó parí, ó tún ṣí i lẹ́ẹ̀kan sí i.

Láti ọjọ́ náà, ọkùnrin náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti yàrá. Wọ́n ti ń jiyàn lórí orúkọ tí wọ́n máa sọ ọmọ. Inú mi ń dùn, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Màmá ló sọ ohun tó wà lọ́kàn mi jáde.

"Ẹ jẹ́ ká bi ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀," ó wí. "Ẹ̀yin ti ń sọ ọmọ lórúkọ."

A lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Lọ́kọ́ja, èmi, àbúrò mi àti ọkùnrin náà. Obìnrin ni dókítà tó rí wa. Ó wo fídíò náà títí dé òpin.

"Òótọ́ ni," ó wí. "Àwọn kan ti gbà á, ara wọn sì ti yá."

Ọkùnrin náà di ọwọ́ àbúrò mi mú lójú wa.

Dókítà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní inú mùdùnmúdùn eegun ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, pé ti àbúrò mi máa ń tẹ̀ bíi dòjé, ó sì máa ń há sínú iṣan. Wọ́n á fa ohun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ náà jáde, wọ́n á tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dá a padà, wọ́n gbọ́dọ̀ fi oògùn líle, irú èyí tí wọ́n ń lò fún jẹjẹrẹ, pa èyí tó kù nínú eegun rẹ̀. Ó lè pẹ́ lórí ibùsùn. Wọn ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é nítòsí wa.

"A lè dúró," ni ọkùnrin náà sọ. "Bó bá ṣáà ti gbà á, àwọn ọmọ wa ò ní ní in mọ́."

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Rárá o. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń tún ṣe. Ibi tí ọmọ ti ń wá lára obìnrin, wọn ò fọwọ́ kàn án. Ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni yóò fún ọmọ. Oògùn líle yẹn sì lè mú kó má lè bímọ rárá."

Mo wo àbúrò mi, ojú rẹ̀ ò yí padà.

"Kí ló wà níbí tí mo lè lò?" ó béèrè.

Dókítà ní oògùn oníhóró kan wà tí yóò máa gbé mì lójoojúmọ́, tó lè dín ìrora náà kù. Kì í ṣe ìwòsàn. Kò sì gbọdọ̀ lóyún nígbà tó bá ń lò ó.

A wọkọ̀ padà sílé. Lọ́nà Ọ̀bàjànà, àwọn tírélà tó kó sìmẹ́ǹtì há wa mọ́ ojú kan, ooru mú wa gan-an, àbúrò mi sì ń wo ìta. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì Kàbà, ó yíjú sí ọkùnrin náà.

"Lọ fẹ́ ìyàwó."

"Mo lè wà láìbímọ."

"Lónìí lò ń sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá pẹ́, tí o bá wá ń wo ọmọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ńkọ́?"

"Ṣebí mo ti ń wò wọ́n títí di ìsinsìnyí?"

Àbúrò mi gun ọ̀kadà, ó lọ.

Ọkùnrin náà ò gbà. Ó ń wá, àbúrò mi ń ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó yá, ìyá ọkùnrin náà wá fúnra rẹ̀ láti Ìyàrá. Ó jókòó ti Màmá, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

"N ò kọ ọmọ yín o," ó sọ níkẹyìn. "Ọlọ́run rí mi. Òun nìkan ni mo bí ni."

Màmá bú sẹ́kún, òun náà bú sẹ́kún. Àbúrò mi jáde láti yàrá, ó kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà náà.

"Màmá, ẹ má sunkún. Mo ti fi í sílẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún un pé tọkàntọkàn ni."

Ọkùnrin náà ti gbéyàwó báyìí, ó ti kó iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lójú títì yẹn. Bí a bá pàdé lọ́jà, kì í kí mi. Èmi ló kà sí ẹni tó mú wọn lọ bá dókítà.

Àbúrò mi ń lo oògùn náà. Ìrora ò wá lemọ́lemọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń wá. Nínú òjò èṣí, ó wá lójijì, a sì gbé e lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló ń wá iṣan lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi omi sí i lára, ó sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mú un lọ́kàn le.

"Àǹtí, ṣé ẹ ò tíì gbọ́ ni? Wọ́n ti rí ìwòsàn rẹ̀."

"Mo ti gbọ́," ni àbúrò mi sọ. Ó yíjú sí ògiri.

Inú mi dùn sí àwọn tó rí i gbà. Mo mọ̀ pé ọmọ ẹnì kan ni wọ́n, pé ìyá kan ń rẹ́rìn-ín níbì kan. Síbẹ̀, lọ́jọ́ yẹn, ó wù mí kí nọ́ọ̀sì yẹn panu mọ́. Mo ń fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn àbúrò mi títí oògùn ìrora fi mú kó sùn lọ. Nígbà tó jí, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, ó sì bi mí bóyá mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, nítorí aṣọ ìyàwó kan wà lórí ẹ̀rọ tí òun ò tíì rán apá rẹ̀ mọ́ ọn.