Ẹnu Ọ̀nà Tí Iná Pupa Ń Tàn

Ojú-Ò-Gbàgbé ni wọ́n ń pe aṣọ́nà ilé ìwòsàn kan kí ẹ̀rọ tó dé. Bí o bá gba iwájú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan péré, tí o sì padà wá lọ́dún kejì, á bi ọ́ léèrè orúnkún tó ń dùn ọ́, á sín ìrìn rẹ jẹ títí wàá fi rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń dá ojú mọ̀ síbẹ̀. Bí iná aláwọ̀ ewé bá tàn, kó gbé ọ̀pá ìdábùú sókè. Bí pupa bá tàn, kó dá onítọ̀hún padà. Ọ̀gá kìlọ̀ pé aṣọ́nà tó bá ń wo èèyàn ń fi àkókò ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe tẹrí mọ́ iná náà bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́, ó sì mọ́ ọn lára.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, pupa tàn.

"Ẹ padà, ẹ̀rọ ò mọ̀ yín."

"Ẹ̀rọ ò mọ̀ mí?" Ohùn obìnrin kan ni, ọ̀rọ̀ ò já geere lẹ́nu rẹ̀. "Ó dáa."

"Ẹni tó kàn!"

Obìnrin tó ń gbálẹ̀ nítòsí gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Ọkùnrin yìí, àbúrò ìyá rẹ lo lé yẹn o! Ẹni tó tọ́ ọ dàgbà!"

"Irọ́ ni."

"Eyín ló mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì. Àbí ìwọ náà ti di ẹ̀rọ ni?"

Aṣọ́nà fi ọ̀pá sílẹ̀. Ó sáré jáde. Bó ṣe ń sáré, ó gbìyànjú láti rántí ojú àwọn tó ti dá padà, kò rí ẹyọ kan rántí.

Ó bá ìyá náà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ògiri, tó fi ìborùn di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú.

"Màámi, èmi ni mo…"

"Mo mọ̀. Ṣé n ò mọ ohùn rẹ ni?"

"Kí ló dé tẹ́ ò pariwo mọ́ mi?"

"Àwọn tó wà lórí ìlà bi mí bóyá mo mọ̀ ẹ́. Mo ní rárá o. Ṣé kí wọ́n wá máa fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

Ká ní ó gbá a létí ni, ìbá sàn fún un. Aṣọ́nà dì í lọ́wọ́ mú padà sẹ́nu ọ̀nà. Pupa tún tàn. Ó ki èjìká bọ abẹ́ ọ̀pá náà, ó fi agbára gbé e, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

"Ta ló ní kó o ṣí i?" Ọ̀gá ń jágbe lójú fèrèsé.

"Ṣé wọn ò ní lé ẹ báyìí, ọmọ mi?"

"Ẹ wọlé, Màámi. Yàrá oníṣègùn eyín ló wà lọ́wọ́ òsì yẹn."

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gba abẹ́ ọ̀pá kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin kan tó fi aṣọ wé ọwọ́ sún mọ́ aṣọ́nà, ó rọra sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ńkọ́? Àná lẹ dá mi padà."

Aṣọ́nà wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ó tún gbé ọ̀pá náà sókè sí i.