Ìmọ́lẹ̀ Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀yẹolúwa

Ẹ̀yẹolúwa Akínpẹ̀lú, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó ń kọ́ni ní físíìsì ní yunifásítì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní ààwẹ̀ lòun ń gbà. Ìyá rẹ̀ tó pè é láti Ọ̀yọ́ mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á.

"Ṣé ọ̀rọ̀ ìjọba yẹn náà ni?"

"Òun ni, Mọ̀mí. Ọ̀sán yìí ni wọ́n fẹ́ rí mi lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ bá mi gbàdúrà."

"Mo ti ń gbà á. Ìwọ ṣáà má kánjú fún àwọn àgbàlagbà lẹ́sì."

Ìjọba àpapọ̀ ní owó kan tí wọ́n ń fún àwọn tó ń ṣe ìwádìí, Ẹ̀yẹolúwa sì ti tọrọ rẹ̀ fún iṣẹ́ plásímà. Bí iná bá gba inú afẹ́fẹ́ kọjá, tí afẹ́fẹ́ náà yí padà tó ń tàn yòò, ohun tó dà nìyẹn. Irú rẹ̀ ló wà nínú oòrùn, irú rẹ̀ náà ni mànàmáná tó ń kọ yẹ̀rì nígbà òjò. Ẹ̀yẹolúwa fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣe, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n bi í pé kí ni yóò rí tà níbẹ̀. Ó kálòlò, wọ́n sì fi tirẹ̀ sílẹ̀. Bí tọdún yìí náà bá já sásán, wọn yóò gba yàrá ìwádìí rẹ̀ fi ṣe kíláàsì. Ọ̀gá rẹ̀ tiẹ̀ ti wá wọn yàrá náà, ó ń fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n bí ẹni fẹ́ ra ilẹ̀.

Kareem tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló fi ẹ̀rọ fìríìjì àlòkù láti Ọjà Igbó ṣe ohun tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú ìgò ńlá kan, kí plásímà lè tàn nínú rẹ̀. "Dókítà, ó ti tàn o!"

"Ẹ pa á ná."

"Kí n pa á kẹ̀? Èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mú!"

Ẹ̀yẹolúwa jókòó síwájú ìgò náà. Gèlè ńlá tó wé nítorí àwọn àgbàlagbà bo ìmọ́lẹ̀ tí Kareem kò pa náà pátápátá.

Àwọn ará Abuja tó ń pín owó náà yọjú lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnyẹmí, bàbá olórí ewú tó jẹ́ alága wọn, fi Yorùbá kí i: "Ẹ káàsán o, Dókítà. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni yín, àbí?"

Hà! Orúnkún ọmọ Ọ̀yọ́ kò dúró gbàṣẹ. "Ẹ káàsán, sà!" Ó ti wà nílẹ̀. Kò rántí pé kámẹ́rà kò bá òun kúnlẹ̀.

"Dókítà? Ó jọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti gbé e lọ."

"Mo wà ńbí, sà! Mo kúnlẹ̀ ni!"

Ẹ̀rín pa wọ́n. Àfi bí obìnrin kan nínú wọn ṣe ké lójijì: "Ẹ dákẹ́ ná! Kí ló ń tàn lẹ́yìn yẹn?"

"Plásímà ni, mà!" Kareem ló dáhùn, ẹni tí wọn ò bi.

"Dókítà, ẹ má dìde o. Ẹ jẹ́ ká rí i."

Ẹ̀yẹolúwa fi orúnkún rìn dé ìdí ìgò, ó mú mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ àlùkò náà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo wọn pariwo.

"Kí ló mú un tẹ̀?" ni alága wí.

"Ìyẹn yé mi, sà. Ṣùgbọ́n ẹ wo etí rẹ̀ tó ń gbọ̀n yìí. Ìdí tó fi ń gbọ̀n ni mi ò mọ̀. Òun ni mo fẹ́ fowó yín wá."

Lọ́tẹ̀ yìí, kò kálòlò rárá. Ìbéèrè ń rọ́ lu ìbéèrè, kò sì sẹ́ni tó rántí bi í pé kí ni yóò tà.

Nígbà tí èsì dé, ìdí oníṣu díndín ní Under G, lẹ́bàá yunifásítì, ló bá a. Wọ́n ti fún un lówó náà! Igbe tó ké, oníṣu rò pé wọ́n já fóònù rẹ̀ gbà ni. Ó pe ìyá rẹ̀.

"Mọ̀mí, wọ́n gbà!"

"Olúwa, o ṣeun o!" Kíá, ìyá ti kọjú sí àwọn ará ilé: "Ẹ jáde, ẹ wá gbọ́! Ìjọba ti fún ọmọ mi lówó kó máa bu mànàmáná sínú ìgò!"

Ẹ̀yẹolúwa ń gbọ́ ọ lórí fóònù. Ó fẹ́ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò jẹ́.