Fàkáǹsì Tí Wọ́n Sọ Di Ọ̀fọ̀

Àkùkọ kò tíì kọ tí ìyá mi ti jókòó sórí ẹrù rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wé gèlè, ó ti wọ bàtà, ó ń bi mí bóyá òkun a máa sùn lóru. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní ẹni tí kò mọ̀ ló wá ń kó wa lọ wò ó. Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn débi pé eyín àwọn ọmọ mi méjèèjì ń lu ara wọn. Ìyàwó mi, Sàlámọ́tù, ti kọ ìpàkọ́ sí mi láti ìgbà tí a ti jí, nítorí kò gbà pé ohun tí a fẹ́ lọ ṣe ní Lomé jẹ́ nǹkan tí ènìyàn gidi ń ṣe.

Ẹ̀yin ará Kambolé mọ̀ mí. Télọ̀ ni mí, aṣọ ni mo mọ̀, n kì í ṣe aláfẹ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan tó wá rán kóòtù lọ́dọ̀ mi ló kó ọ̀rọ̀ náà sí mi lórí. Ó ní àwọn ọ̀làjú a máa kó ìyàwó àti ọmọ lọ sétí òkun lópin ọ̀sẹ̀, wọn a jókòó sórí iyanrìn, oòrùn a máa pa wọ́n, wọn a sì padà wálé. Èyí ni wọ́n ń pè ní fàkáǹsì. Bí mo bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún yín, fàkáǹsì ni kí ènìyàn kúrò nílé láìsí ìdí. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tuntun, ìgbéyàwó, ọjà, àìsàn tàbí òkú ló ń gbé ènìyàn rìn. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Sàlámọ́tù, ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú.”

“Ta ni ara rẹ̀ kò yá?”

“Ara gbogbo wọn yá.”

“Kí la wá fẹ́ lọ ṣe, Bàbá Ràfíù?”

“A fẹ́ lọ jókòó.”

Ó wo ẹní tí a wà lórí rẹ̀. Ó ní, “Ṣé ẹní yìí ò gbà wá mọ́ ni?”

Ìyá mi ló gba ọ̀rọ̀ náà là. Ojú rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ní ilé ìwòsàn ní Sokodé, wọ́n ti sọ fún wa pé kò ní pẹ́ tí yóò fi dì pátápátá. Nígbà náà, bí ènìyàn kò bá sún mọ́ ọn bí ẹni fẹ́ sọ àṣírí, kò ní mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Kí ojú mi tó dì, mo fẹ́ rí òkun.” Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló kù tó máa jiyàn? Àbúrò rẹ̀, Làsísì, ń gbé ní Lomé, nítòsí èbúté. Bàbá Lomé ni èmi ń pè é, ṣùgbọ́n láti kékeré mi ni n kò ti fojú kàn án. Ọdọọdún ló ń ṣèlérí pé òun yóò wálé fún Iléyá. Ọdọọdún náà ni dírẹ́bà ń gbé ọṣẹ àti ìrẹsì wá dípò rẹ̀. Ilé rẹ̀ la óò sùn.

Mo wá wọn ìrìn àjò náà bí ẹni wọn ṣòkòtò. Ọjọ́ Jímọ̀, a ó gba Tchamba dé Sokodé, a ó sùn nílé Alájì Sùlé. Ní Sátidé, a ó bọ́ sí ọ̀nà ńlá, a ó dé Lomé kí oòrùn tó wọ̀, a ó jókòó sórí iyanrìn. Ní Sọ́ńdè, a ó padà. Ó dára lórí tábìlì.

Ọkọ̀ Sakárì la wọ̀. Bàṣé ni, ìyẹn ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, tí àwa àti iṣu àti ewúrẹ́ jọ ń pín. Ìyá mi nìkan la fún láyè níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá kan tó ń kó ata gbígbẹ lọ sọ́jà Sokodé. Ọ̀nà náà pupa, ihò rẹ̀ pọ̀. Kí a tó dé Tchamba, gbogbo wa ti di àwọ̀ kan náà. A mu kókó, ìyẹn ògì gbígbóná, níbẹ̀, a fi àkàrà sí i. Kókó wọn ki ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ataare sí i, èyí tí Sàlámọ́tù sọ pé ìkà ni.

Lẹ́yìn Tchamba la ti pàdé ohun tó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bàríyẹ̀ ni wọ́n ń pè é, okùn tí àwọn sójà ta dí ọ̀nà. Lásìkò yẹn, àwòrán olórí ìlú, ìyẹn ààrẹ wa, wà lára ògiri gbogbo, ènìyàn a sì máa fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n kódà bó bá ń bá ewúrẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Sójà kan wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bi mí ní Faransé pé kí ni ìdí ìrìn àjò wa. Mo fi gbogbo àyà dáhùn pé, “Vacances, chef.”

Ó pe èkejì rẹ̀. Ó ní, “Wá gbọ́. Télọ̀ láti Kambolé, òun àti ìyá àti ìyàwó àti ọmọ, pẹ̀lú ẹrù. Ó ní fàkáǹsì.” Wọ́n kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n bi mí ẹni tí mo ń sá fún. Mo ní òkun la fẹ́ lọ wò. Wọ́n ní kí ló ṣe òkun.

Sakárì rí i pé ilẹ̀ yóò ṣú bá wa níbẹ̀. Ó sáré bọ́ síwájú, ó ṣí fìlà. “Chef, ẹ má dá a lóhùn, ìbànújẹ́ ti dà á lórí rú. Òkú ni wọ́n ń lọ sin. Àbúrò ìyá yìí ló kú ní Lomé.”

Ojú sójà náà rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òun fúnra rẹ̀ ló tú okùn, ó sì di ìyá mi lọ́wọ́ mú wọkọ̀. Nígbà tó yí ẹ̀yìn padà, ìyá mi tutọ́ sílẹ̀, ó ní, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Sakárì, orí burúkú ni wọ́n fi mọ ẹnu rẹ.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi ìyá aláta, tó ń sùn níwájú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ní ká sọ̀ kalẹ̀, tó sì jí sáàárín irọ́ náà. Ó kàn ń wo ìyá mi, ó ń mi orí.

Ìyá aláta ló kọ́kọ́ sọ̀ ní Sokodé. Ọkọ̀ wa tún dúró gba epo, ó tún táyà kan ṣe. Nígbà tí a fi dé ilé Alájì Sùlé, ìyá náà ti ṣáájú wa ròyìn níbẹ̀, wọ́n ti tẹ́ ẹní sí gbàgede.

Alájì yìí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá. Aṣọ ló ń tà lọ́jà Sokodé, kò sì sí ará Kambolé tó dé ìlú náà tí kì í wọ̀ sílé rẹ̀. Ó dìde, ó gbá mi mọ́ra, ó ní, “Ọmọ mi, ẹ kú àráfẹ́rakù.” Mo ní, “Alájì, kò sẹ́ni tó kú o! Dírẹ́bà ló parọ́.” Ó ṣẹ́jú sí mi, ó fi ojú tọ́ka sí ìyá mi, ó sì ké sókè pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni! Kò sẹ́ni tó kú! Ara gbogbo wọn yá!”

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. A kì í dédé túfọ̀ fún àgbà. A óò ní ara ẹni náà ni kò yá, a óò rọra máa fún un lóúnjẹ, a óò yí i ká títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi mọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣẹ́ pé ẹnì kan kò kú, òun gan-an ló ń jẹ́rìí sí i. Bí mo ṣe ń búra tó ni wọ́n ń yìn mí tó. Ìyá aláta ní, “Ẹ ò rí ọmọ tó mọ ìyá tọ́jú!” Àwọn obìnrin Hausa tó múlé ti Alájì wá kúnlẹ̀, wọ́n ń sọ pé “Sànnú, sànnú,” bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Wọ́n fi iyán sí ìyá mi lọ́wọ́, wọ́n bá a yọ egungun kúrò nínú ẹran.

Ìyá mi kò jẹ ẹ́. Ó ti pẹ́ láyé, ó mọ ohun tí wọ́n ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bò. Ó fà mí mọ́ra. “Mùfú, Làsísì ti kú.”

“Ìyá, irọ́ Sakárì ni. Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tó pa á.”

“Mo mọ̀,” ló wí, ó sì ń fọwọ́ pa mí lórí. “Ìwọ náà ń tọ́jú mi.”

Ẹkún rẹ̀ kò ní ariwo. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ń ṣe èmi náà bíi pé ó rí bẹ́ẹ̀. Mo ń rò ó pé bóyá Alájì ti gbọ́ nǹkan tí n kò gbọ́, pé èmi gan-an ni wọ́n ń fi pa mọ́ fún. Alájì sọ fún mi pé òun ti rán dírẹ́bà òun tó ń kó iṣu lọ sí Lomé pé kó sọ nílé Làsísì kí wọ́n máa bọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àfi ìgbà tí mo dúpẹ́ tán ni mo rántí pé kò yẹ kí n dúpẹ́.

Ní Sátidé, mo ní Lomé la ń lọ dandan, ká lọ fojú ara wa rí i. A dé ibùdókọ̀, wọ́n ní kò sí ọkọ̀ tó gbọdọ̀ rìn, olórí ìlú ń kọjá. Àwọn tó ń ṣètò ìpàtẹ́wọ́ lé gbogbo èrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n pín àsíá kékeré fún wa. A dúró títí oòrùn fi dé àtàrí. Ẹkún ìyá mi kò dá. Ọkùnrin kan tó mú fèrè lọ́wọ́ rí i, ó dúró.

“Ìyá, ẹkún ayọ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?”

Ta ló tó sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́? Sàlámọ́tù dáhùn kíá pé, “Ẹkún ayọ̀ ni, mesié.” Ọkùnrin náà fa ìyá mi sí iwájú gbogbo ènìyàn, ó ní kí àwọn yòókù kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀. Àwọn obìnrin kan gbìyànjú, omi kò jáde. Ọkọ̀ dúdú gígùn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ wá kọjá fìrì, eruku bò wá. Ìyá mi fi àsíá nu ojú. Ó bi mí wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Ṣé àwọn tó gbé òkú Làsísì ló kọjá yẹn? Wọ́n mà bu ọlá fún un o.”

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, Alájì pa àgbò, ó pe àwọn àáfáà, wọ́n ń ṣe àdúà fún òkú. Wọ́n fi ìyá mi sínú yàrá láàárín àwọn obìnrin. Mo ń gbé oúnjẹ ká gbàgede nígbà tí mo rí ọkùnrin arúgbó kan ní ẹ̀yìn, eruku ọ̀nà wà lára rẹ̀ títí dé ìpéǹpéjú. Ó ń jẹ ẹran, omijé ń ṣàn sínú àwo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sunkún tó o. Mo jókòó tì í.

“Ẹ ṣọkàn gírí, bàbá. Ṣé ẹ mọ olóògbé ni?”

“Ṣé mo mọ̀ ọ́n? Ẹ̀gbọ́n mi ni! Ọmú kan náà la mu. Wọ́n wá bá mi ní Lomé pé àwọn ará Kambolé wà ní Sokodé, pé ọ̀rọ̀ òkú ni, wọn ò sọ ẹni tó kú. Ṣé ọmọdé ni mí tí n kò ní mọ̀? Láti àná ni wọ́n ti dá ọkọ̀ wa dúró lójú ọ̀nà.”

Mo gbé àwo ọwọ́ mi sílẹ̀. “Ta ni ẹ̀gbọ́n yín?”

“Ìyá Mùfú.”

“Èmi ni Mùfú.”

Ó dì mọ́ mi. “Mùfú! Ṣé ó jẹ̀rora kó tó lọ?”

“Bàbá Lomé,” ni mo wí, “ẹ̀yin lẹ kú.”

Ó wo ẹran ọwọ́ rẹ̀. Ó rọra dá a padà sínú àwo.

Mi ò lè ṣàlàyé ariwo tó sọ. Àáfáà kan fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, Alájì sì ń pariwo pé àdúà kì í ṣòfò, kí a bá Làsísì fi í pa mọ́ di ọjọ́ tó bá nílò rẹ̀. Ìyá mi gbọ́ ohùn náà nínú yàrá. Ó jáde, ó ń fọwọ́ wá ọ̀nà, gbogbo ènìyàn sì yà fún un. Ó sún mọ́ ọn títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ó gbá a létí. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ méjèèjì gbá ojú rẹ̀ mú, ó wò ó, ó wò ó, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó wo orí rẹ̀. Mo sunkún níbẹ̀, n kò tijú.

Bàbá Lomé tú àpò rẹ̀. Aṣọ funfun tó rà láti fi sin ín àti lọ́fínńdà ló wà níbẹ̀, ó sì ń bẹ̀bẹ̀. Ìyá mi fi ìka wo òwú aṣọ náà. Ó ní, “Aṣọ gidi ni. Kò tíì yá, ṣùgbọ́n mo gbà á.”

Ọjọ́ ti lọ, fàkáǹsì ti tán. Ọkọ̀ Sakárì kan náà la tún wọ̀ padà, Bàbá Lomé sì bá wa lọ, nítorí ìròyìn ikú rẹ̀ ti ṣáájú wa dé Kambolé, Alájì sì ní bí wọn kò bá fojú rí i níbẹ̀, ọ̀fọ̀ náà kò ní tán. Mo bẹ ìyá mi pé kó dárí jì mí, a kò rí òkun.

Ó rẹ́rìn-ín. “Kí ni mo fẹ́ fi òkun ṣe? Ṣé n kò rí omi rí ni? Ẹ̀gbọ́n kì í wá àbúrò tó kọ̀ tí kò wálé lọ, wọn á ní mo gbàgbé ara mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń lọ wo òkun, tó sì jẹ́ pé ẹ̀bá òkun ló ń gbé ńkọ́? A kàn ṣèèṣì pàdé ni.”

Èmi tí mo rò pé èmi ni mo ṣètò ìrìn àjò! Ohun tó kọ́ mi nìyí: ẹ̀yin lẹ jàre, kò sẹ́ni tó ń kúrò nílé láìsí ìdí. Ẹni tó bá ní òun ń lọ jókòó lásán, ẹ bi í léèrè dáadáa, pàápàá bó bá jẹ́ àgbà.

Ẹ rántí bẹ́ẹ ṣe kún iwájú ilé wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú ẹní àti ojú ọ̀fọ̀, tí ẹ fọwọ́ kan Bàbá Lomé lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀, ọ̀kan nínú yín bi ìyá mi pé, “Ìyá, òkun tẹ́ ẹ lọ wò ńkọ́? Ṣé ẹ rí i?”

Ó jókòó ti àbúrò rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e lórí.

“Mo rí i,” ló wí. “Ó ti hu ewú.”